Ọ̀mì ni Òfin Fẹ́

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ọdún 2093, Mojírádé Olúgbóyè kú. Orí àga rẹ̀ ló kú sí, ní ọ̀sán, àwo ilá tí ó ń rẹ́ ṣì wà lórí itan rẹ̀. Jayéọlá ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi pépà oníyanrìn ha orí ẹṣin onígi kan tí ìyàwó rẹ̀ ní kí ó tún ṣe. Nígbà tí ó gbé ẹṣin náà wọlé láti fi hàn án, kò sí ẹni tí yóò fi hàn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ẹṣin yẹn kan náà ló dúró láàárín pátákó ṣẹ́ẹ̀sì nínú gbọ̀ngán Ilé-Ẹ̀kọ́ Aládùúgbò ní Òkè-Àpárí, tí ọmọbìnrin kan sì na ọwọ́ sí i.

"Má tíì fọwọ́ kàn án o," ni ọmọ tí ó jókòó kọjú sí i wí. "Bí o bá fọwọ́ kàn án, o ti gbé e nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fọwọ́ kàn án? Eṣinṣin ni mo ń lé."

"Eṣinṣin ọ̀hún dà?"

"Ó ti fò lọ. Ojú rẹ ló bà á lẹ́rù."

Mọrẹ́nikẹ́ ni ẹni tí ó ń lé eṣinṣin, ọmọ gíga kan láti ilé-ẹ̀kọ́ Ìsàlẹ̀ Odò. Ìyùnadé ni èkejì, ọmọ inú ilé-ẹ̀kọ́ yìí gan-an, kékeré, eléjí, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Àwọn méjèèjì ni ìbò mú láti kọ́kọ́ ta nínú gbogbo ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin kó wá láàárọ̀. Àwọn tó kù yí tábìlì ká, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gbà wà ní ọrùn ọwọ́ òsì ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ tí a hun, iná àwọ̀ ewé sì ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lára rẹ̀. Lókè orí wọn, láàárín àjà, ni Etí, ẹ̀rọ ìjọba tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, so rọ̀ sí, funfun, bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé.

Ọmọkùnrin kékeré kan fa etí ẹ̀wù Jayéọlá.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹnì kan máa jẹ ẹnì kan lónìí?"

"Òótọ́ ni."

"Kò ní jẹ́ ọ̀mì?"

"Kò ní jẹ́ ọ̀mì."

Ọmọ náà la ẹnu, ó tún pa á dé. "Mi ò rí i rí," ni ó wí. "Ní ọdún tí a sáré, ńṣe ni ilẹ̀ ń fa àwọn tó yára sẹ́yìn, tí gbogbo wa fi dé pa pọ̀. Ṣé ó máa dun ẹni tí wọ́n bá jẹ?"

"Yóò dùn ún díẹ̀."

"Ẹ̀ẹ́!" ni ọmọ náà wí, ó sì sún mọ́ tábìlì, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ejò wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Òfin Ìtura ní ọ̀mì ni gbogbo eré ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ilẹ̀kùn, ó ń tàn. Ọjọ́ kan péré ni ó fàyè gbà, pé kí ẹni tí ó bá jẹ gba orúkọ ọ̀ta, kí Etí sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbà ọmọ kankan kò bá ti pọ́n nítorí ìbànújẹ́. Ọdún mẹ́rin ni Mojírádé fi tọrọ rẹ̀. Ó ti lọ sí olú-ìlú títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Bí ọjọ́ òní bá lọ ní ìrọ̀rùn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa ṣe ìdíje lọ́dọọdún. Bí kò bá lọ ní ìrọ̀rùn, ó parí nìyẹn.

Jayéọlá kì í ṣe olùkọ́. Ó ka ilé-ìwé girama parí, ó gbá ayùn mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ewú fi gba orí rẹ̀. Òun ló gbẹ́ gbogbo ọmọ ayò tó wà nínú gbọ̀ngán náà, àwọn pupa láti inú igi apá, àwọn funfun láti inú arère. Ṣùgbọ́n Mojírádé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀; Ìyá Ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí Jayéọlá mọ̀ nípa ṣẹ́ẹ̀sì kò ju ohun tí ọkùnrin lè mọ̀ bí ìyàwó rẹ̀ bá ń jẹ ẹ́ lálaalẹ́ láti ìgbà èwe wọn.

Obìnrin náà kì í sì í jẹ ènìyàn ní ìdákẹ́jẹ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ayò ọlọ́pọ́n kí ó tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì rárá, ó sì ru ẹnu ayò wá sídìí ṣẹ́ẹ̀sì. "Òpè ọkọ mi," ni yóò wí, "ọba rẹ ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri o. Ṣé kí n bá a tan iná?" Ẹni tó bá jẹ nídìí ayò ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá jẹ ni òpè, òǹwòran pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti pe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí í bínú sí i. Ayò tí a ta láìpe ẹnì kan ní òpè, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí Jayéọlá bá ru pátákó wá fún un, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ló ti máa ń bá wọn. Àwọn ọmọ yóò ti bọ́ ẹ̀gbà wọn kọ́ sórí ẹ̀ka, wọn yóò máa pe ara wọn ní òpè, ẹ̀rín wọn yóò máa dé ojú títì. Ó rò pé nítorí òógùn ni wọ́n ṣe ń bọ́ ẹ̀gbà. Kò béèrè rí.

Ìyùnadé gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ọmọ náà kò ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bá ibojì ló ti béèrè bóyá ìdíje yóò ṣì wáyé. Jayéọlá wo ètè rẹ̀ tó fún pọ̀. Ó wá ohun tí Mojírádé ìbá wí nínú ọkàn rẹ̀, ó rí i, ó sì wí i sókè:

"Òpè! Ṣé bí wọ́n ṣe ń sá fún ẹṣin nìyẹn, àbí ijó lò ń jó?"

Ìyùnadé gbójú sókè, èjí rẹ̀ hàn.

"Ẹ má dá mi lóhùn, Bàbá. Ẹ̀yin gan-an ni òpè. Ìyá sọ fún wa. Wọ́n ní ọba yín kò sùn nílé rí."

Ẹ̀rín bú. Jayéọlá pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òpè méjì ló wà níbí nígbà náà," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí, ó sì gbé ẹṣin náà, láìlé eṣinṣin kankan mọ́. "Ẹ jọ máa kí ara yín."

"Gbé e lọ! Ẹṣin rẹ ti dá lọ́rùn tẹ́lẹ̀, Bàbá ló fi àtè lẹ̀ ẹ́."

"Ẹṣin ọlọ́rùn àtè náà ló máa lé ọba rẹ wọ yàrá."

Ó sì lé e wọ yàrá. Kò pẹ́ rárá. Ọba Ìyùnadé sá sí igun, ilé-ìṣọ́ Mọrẹ́nikẹ́ wá dí ojú ọ̀nà, ẹṣin tí a tún ṣe náà wá dúró sí ibi tí kò sí ẹni tó lè lé e. Mọrẹ́nikẹ́ dìde dúró bí Ìyá Ṣẹ́ẹ̀sì ti kọ́ wọn, nítorí Mojírádé kò gbà kí ọmọ kankan sọ pé ọba kú. Ọba kì í kú, ni ó máa ń wí, ìbáà ṣe ti igi.

"Ọba wàjà," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí, kò sì pariwo.

Ìyùnadé wo pátákó láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí àyè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọba rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́. Omi wá sójú rẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ọsàn, ó sì pọ́n.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí pátákó," ni Etí wí. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin. "Ọ̀mì ni. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin méjèèjì."

"Kì í ṣe ọ̀mì!" ni Mọrẹ́nikẹ́ wí. "Mo jẹ ẹ́!"

"Ó jẹ mí," ni Ìyùnadé wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Gbogbo wọn ló rí i. Ẹ kọ ọ́ pé ó jẹ mí."

"Ọ̀mì ni. Inú rẹ yóò dùn láìpẹ́."

"Mi ò fẹ́ kó dùn! Ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kó dùn mí."

Iná ìwé àṣẹ tó wà lára ilẹ̀kùn kú. "A gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù nínú gbọ̀ngán yìí," ni Etí wí. "Ohùn àgbàlagbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Gbogbo ọmọ yíjú sí Jayéọlá. Kò sí ẹni tí ó bú u nínú wọn. Ìyẹn gan-an ló burú.

*

Alábòójútó Òfin Ìtura ti wà lórí àga ẹ̀yìn láti àárọ̀. Arábìnrin Fádèyí ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní kí àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ jáde síta kí ara wọn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá sọ́dọ̀ Jayéọlá, ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Bàbá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"A dúpẹ́. Dìde."

"Ìyá kọ́ èmi náà ní ìṣirò. Ọwọ́ wọn ni mo ti mọ ìpín."

"Bí o bá mọ̀ wọ́n, ṣe é kí wọ́n kọ ọ́ pé Mọrẹ́nikẹ́ ló jẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, èmi ni kí ẹ fìyà rẹ̀ jẹ."

"Èmi kọ́ ni mò ń kọ ọ́, Bàbá. Etí ló ń kọ. Ohun tó bá ti kọ, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́, ọ̀gá mi pàápàá kò lè pa á rẹ́." Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi pe ọmọ ní òpè?"

"Bí wọ́n ṣe ń ta ayò nìyẹn."

"Ìyá kò sọ ọ́ rí. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nínú gbọ̀ngán yìí ló wà lọ́wọ́ wa, ọdún méje. Òpè kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀."

Jayéọlá la ẹnu láti sọ fún un pé irọ́ ni, pé Mojírádé kò lè ta ayò fún ààbọ̀ wákàtí kí ó má pe ẹnì kan ní òpè. Nígbà náà ni ó rí ẹ̀ka igi máńgòrò lójú ọkàn rẹ̀, àti àwọn ẹ̀gbà tó so rọ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe nítorí òógùn, kí Etí má baà mọ̀ ni. Ó pa ẹnu dé. Bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò gé igi náà.

"Kí ló kù?" ni ó béèrè.

Arábìnrin Fádèyí yọ wáláà kan nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì. Ojú wáláà náà ń tàn. "Ọ̀nà kan wà. Ìdíje ti kú, n kò lè tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ lè máa lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó bá jẹ́ ohùn tí kò lábàwọ́n ló ń kọ́ni. Ohùn Ìyá kò lábàwọ́n." Ó wo ilẹ̀. "Àtàǹpàkò yín ló kù."

Kí Jayéọlá tó lóye, Etí ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí a to ọba wa síbi tó yẹ ẹ́."

Jayéọlá di etí tábìlì mú. Ohùn Mojírádé ni. Bí ó ṣe máa ń fa "ọmọ mi" gùn díẹ̀, bí ẹni tó ń fa okùn garawa láti inú kànga, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

"Ó lè ta ayò?" ni ó béèrè.

"Bó ṣe ń kọ́ni náà nìyẹn. Ẹ dán an wò. Èmi ni màá máa bá a gbé e."

Jayéọlá lọ jókòó sí tábìlì kejì. Kò fọwọ́ kan ọba tó dùbúlẹ̀ lórí pátákó àwọn ọmọ. Ó fa pátákó mìíràn wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn Mojírádé a dárúkọ ilé, Arábìnrin Fádèyí a sì gbé ọmọ ayò lọ síbẹ̀. Àárín pátákó ló kọ́kọ́ gbà, bí Mojírádé ṣe máa ń gbà á. Ó tú ẹṣin sílẹ̀ ní kùtùkùtù, bí Mojírádé. Fún ìgbà díẹ̀, Jayéọlá gbàgbé ibi tí ó wà.

Nígbà náà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ayaba rẹ̀, ó gbé e lọ síwájú ọmọ-ogun lásán. Kò sí àṣìṣe tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nílé, Mojírádé ìbá ti pàtẹ́wọ́, ìbá ti pe aládùúgbò wá wò ó.

"Ìgbésẹ̀ tó dára ni, Bàbá," ni ohùn náà wí. "Ẹ tún lè rò ó wò."

Mojírádé kò pè é ní Bàbá rí láyé. Àkànní ni, tàbí òpè ọkọ mi.

"Àṣàbí," ni Jayéọlá wí sókè, sí àjà. "Pè mí ní òpè."

"Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dunni. A kì í lò ó níbí."

"Pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ ti gbìyànjú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a fi eré yìí sí ọ̀mì."

Arábìnrin Fádèyí tẹ wáláà, ohùn náà sì dákẹ́. Kò wo ojú Jayéọlá.

"Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" ni Jayéọlá béèrè.

"Ṣẹ́ẹ̀sì á kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oorun ọ̀sán làwọn ọmọ á máa sùn ní Ọjọ́bọ̀."

"Ohùn rẹ̀ á wá bá mi lọ sílé?"

"Rárá, Bàbá. Orí ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n ti sọ ọ́. Inú àká ló máa wà títí ẹnì kan á fi nílò rẹ̀." Ó fi ìka sún wáláà náà síwájú. "Àwọn ibùdókọ̀ ti béèrè. Wọ́n ní ó dùn, wọ́n fẹ́ kó máa sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé."

"Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, tí n kò sì kọ̀ ńkọ́? Bí mo bá kàn jókòó síbí?"

"Ẹni tí kò bá fèsì kí oòrùn tó wọ̀, òfin ní ó ti gbà."

Jayéọlá mi orí. Ó ti kan ilẹ̀kùn púpọ̀ láyé rẹ̀, fún ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì, kò sì kan irú yàrá báyìí rí, tí ilẹ̀kùn pọ̀ tí gbogbo wọn sì wọ inú ògiri.

Ẹsẹ̀ dún. Ìyùnadé ló yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀gbà rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ ewé. Mọrẹ́nikẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti kọ ọ́ pé ó jẹ mí?"

"Wọn kò kọ ọ́."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìyá ní ẹni tí kò bá tíì ṣe òpè rí kò lè di ọ̀ta. Bí wọn ò bá kọ ọ́, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Mo bẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tí à ń bẹ̀."

Ọmọ náà rò ó. "Ṣé a ṣì máa ta ayò ní Ọjọ́bọ̀?"

Jayéọlá wo pátákó tí òun gbẹ́, ó wo ọba tó dùbúlẹ̀. Àbọ̀ Mojírádé ni wọ́n ní lọ́wọ́, àbọ̀ tí kò ní ẹ̀rín nínú. Àbọ̀ kejì wà lábẹ́ igi kan, lẹ́nu àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tí àgbàlagbà lè ṣe láti fi í pa mọ́ ju kí ó má dárúkọ rẹ̀ lọ. Bí pátákó bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, àbọ̀ yẹn náà lọ nìyẹn.

"Ẹ máa ta á," ni ó wí.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ wáláà. Ó tutù. Arábìnrin Fádèyí tún kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣeun, Bàbá," omi sì wà lójú òun náà, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í wọ ẹ̀gbà, kò sí ohun tó pọ́n.

Jayéọlá kò kó àwọn ọmọ ayò rẹ̀ lọ sílé. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ni wọ́n báyìí. Nígbà tí ó gbójú sókè, àwọn ọmọ méjèèjì ti lọ. Ó fi fìlà rẹ̀ dé orí, ó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngán jáde, ọ̀nà igi máńgòrò. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó rí ohun tí ó rí, ó wúkọ́, ó sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì títí ó fi kọjá.

Ohun tó kù sẹ́yìn rẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ohùn obìnrin kan nínú igbá funfun.

Ìwé àṣẹ kan lára ilẹ̀kùn, tí iná rẹ̀ ti kú.

Gíláàsì ojú Mojírádé nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, okùn dúdú lára rẹ̀.

Pátákó kan tí ayaba wà níwájú ọmọ-ogun lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ.

Tábìlì tí Ìyùnadé àti Mọrẹ́nikẹ́ jókòó sí, ṣùgbọ́n kò sí pátákó lórí rẹ̀ mọ́, kò sí ọba tó dùbúlẹ̀, kò sí ẹṣin.

Àti ẹ̀gbà méjì lórí ẹ̀ka igi máńgòrò, tí wọ́n so rọ̀ láìsí ọwọ́ nínú wọn, iná àwọ̀ ewé ń jó lára wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.